Kì í Ṣe Bùnmi Ló Fi Iná Sí Ìyá Mi Lórí

Ẹ kú ilé o, Bàbá wa. Ẹ kú ilé, Ìyá wa, ní agbo ilé yín ní Ìjìó. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun wà láàárín wa. Ẹ kú ìtọ́jú Bùnmi, ẹ kú ìtọ́jú Àbẹ̀kẹ́ ọmọ wa. Ẹ kú àmúmọ́ra pẹ̀lú, nítorí ohun tí ẹ ti mú mọ́ra láti ìgbà ọyẹ́ títí di ìsinsìnyí kò kéré.

Kí ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí kò mọ̀ wá lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: Rábíátù ni orúkọ mi. Ọmọ àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn ni mí, ìlú Wínípẹ̀gì ní Kánádà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ràsákì, àbúrò mi, ló fẹ́ Bùnmi, ọmọ yín. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ tó lé Bùnmi kúrò nílé ọkọ. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi nígbà yẹn ka èyí náà.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń wọṣọ fún wọn, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ. Òtútù ibí yìí kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Bí ènìyàn bá jáde láàárín oṣù yìnyín, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin kí Yorùbá má jáde lẹ́nu mi àfi sínú fóònù. Mi ò fi èyí ṣe àwáwí. Mo kàn ń sọ irú àyà tó wà nínú mi ní ọjọ́ tí Ràsákì pè mí pé orí ìyá wa ń jó.

Ìyá mi ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bùnmi jókòó tì wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, ó tú irun wọn, ó sì di í. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyá mi ń ké pé iwájú orí àwọn ń ta àwọn ní apá ọ̀tún, bí ẹni gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Ràsákì yẹ orí náà wò, kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kẹta ni ìléròrò wẹ́wẹ́ tó kún fún omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, láti orí wá sí iwájú orí, dé ìpéǹpéjú, dé ṣóńṣó imú. Apá ọ̀tún nìkan ni. Ó dé àárín iwájú orí, ó sì dúró, bí ẹni fi rúlà fà á. Kò sí ẹyọ kan ní apá òsì. Ohun tó dẹ́rù ba àwọn ará ilé gan-an nìyẹn. Wọ́n ní àìsàn wo ló mọ ààlà? Wọ́n ní ohun tó mọ ibi tí wọ́n rán an dé ni.

Bùnmi nìkan ló sọ pé kí wọ́n tètè gbé ìyá lọ ọsibítù nítorí ojú. Ó sọ ọ́ fún Ràsákì nídìí òfì, ó tún lọ sọ ọ́ fún àwọn àgbà ilé. Kò sẹ́ni tó gbà á ní ìmọ̀ràn. Ẹ̀rí pé òun ló ṣe é ni wọ́n fi í ṣe. Ẹnì kan ní ó ń yára jù. Ẹlòmíràn ní ó fẹ́ gbé wọn kúrò lójú wa ni, kó lè parí ohun tó bẹ̀rẹ̀.

Àwòrán ìyá mi wọ orí fóònù mi bí mo ṣe ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo rí ojú ìyá tó bí mi tó rí bẹ́ẹ̀, mo ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Mi ò tilẹ̀ bi ìyá mi. Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sì sọ̀rọ̀ sínú Wọ́sáàpù ẹbí, níbi tí ènìyàn bí ogójì wà. Mo ní: “Ẹni tó di irun ìyá wa ló mọ ohun tó fi sí i. Ilé ọdẹ ni wọ́n ti tọ́ ọ, oògùn ni wọ́n fi wò ó dàgbà. Kó kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ.” Ọ̀rọ̀ náà kò gba ìṣẹ́jú kan. Mo fọ ọwọ́ mi, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ ń bọ Ògún, àwa ń lọ mọ́sálásí. Ọdún mẹ́fà tí a ti jọ ń ṣe àna, ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A ń jẹ ẹran ìgbẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ̀yin náà ń wọ aṣọ tí Ràsákì hun. Ọjọ́ tí mò ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù ni mo tó rántí pé ilé Ògún ni ilé yín.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní Ìsẹ́yìn, ohùn mi ti gba fóònù kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé etí Bùnmi. Ó pọn Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ta, ó mú báàgì kan, ó wọ mọ́tò dé Ìwéré-Ilé, ó sì tibẹ̀ gun ọ̀kadà wá bá yín. Ràsákì ò dá a dúró. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ dá a dúró, ṣùgbọ́n èmi ti sọ̀rọ̀. Ìyẹn dùn mí dé egungun. Nítorí pé èmi ni mò ń fowó ránṣẹ́ sílé, ohun tí mo bá ti sọ ti di àṣẹ, ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ bóyá òótọ́ ni.

Lẹ́yìn tí Bùnmi lọ, àwọn kan gbé òróró àti ewé gígún wá, wọ́n ń fi pa ibi tó ń jó náà. Wọ́n kìlọ̀ pé abẹ́rẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan ẹni tó bá ní irú rẹ̀, pé bó bá kàn án, ó parí. Ojú ọ̀tún ìyá mi wú títí ó fi pa dé. Lójoojúmọ́ ni mò ń pè, lójoojúmọ́ ni Ràsákì ń sọ pé ó ti ń rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà tí ìléròrò ti yọ sí ìyá mi, mo wọ yàrá ìyá arúgbó kan níbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún; wọ́n ní olùkọ́ ni nígbà tó ṣì lágbára. Ó ní òun ò wẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òun, iná wà níbẹ̀. Mo rọra ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ìléròrò ni mo rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó gba ìhà bọ̀ wá sábẹ́ ọmú, ní apá kan ṣoṣo. Nígbà tó dé àárín àyà, ó dúró gbọnrangandan.

Ìyá yìí ò ní ìyàwó ọmọ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wá wò ó, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Èmi ni mò ń ya irun rẹ̀ láràárọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ọwọ́ ara mi.

Mo pe nọ́ọ̀sì àgbà wa, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó wò ó, ó sì rí i pé ìyá náà bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a jáde, mo bi í pé ta ló ṣe é fún ìyá yìí. Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè ò yé. Ó ní kò sẹ́ni tó ṣe é. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni ṣíńgùsì, pé ilẹ̀ẹ́gbóná wẹ́wẹ́ tí ìyá náà ṣe nígbà ọmọdé ni, èyí tí a ń pè ní ṣíkín-pọ́ọ̀sì. Ó ní bí ọmọdé bá ṣe é tí ó san, kòkòrò rẹ̀ kì í jáde lára. Á sá lọ sí ìdí iṣan kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn tàbí nínú orí, á sì sùn síbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún, fún ọgọ́ta ọdún. Kò kú; agbára ara ló ń ṣọ́ ọ. Bí ara bá wá di arúgbó, àwọn tó ń ṣọ́ ọ á dín kù, àwọn tó kù á máa tòògbé. Ìgbà náà ni àrùn náà á jí, á sì gba ojú iṣan tó sùn sí jáde. Iṣan apá ọ̀tún kì í kọjá sí apá òsì. Ìdí tó fi mọ ààlà kò ju ìyẹn lọ.

Mo fi àwòrán ìyá mi hàn án. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ló ti yọ. Mo ní mẹ́fà. Ó fi ìka kan ṣóńṣó imú ìyá mi lórí fóònù, ó ní bó bá ti dé ibẹ̀, inú ojú ló ń lọ. Ó ní oògùn rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá ní: “Lónìí ni kí wọ́n gbé wọn lọ. Kì í ṣe lọ́la.”

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe Ràsákì. Kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀méje. Ọ̀sán ni ní Ìsẹ́yìn, ó wà nídìí òfì nínú agbo ilé, ó sì ti fún ẹnì kan ní fóònù rẹ̀ kó bá a fi sí iná. Nígbà tó gbé e níkẹyìn, ó bá mi jiyàn. Ó ní àwọn àgbà ti sọ pé abẹ́rẹ́ ò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n. Ó ní ṣebí èmi náà ni mo sọ pé àfiṣe ni. Mo ní mo ṣì í sọ ni. Ó ní báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé mi ò tún ṣì í sọ báyìí. Mo kàn ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ní kó gbé fóònù fún àwọn.

Ìyá mi ní: “Rábí, Bùnmi ti sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù yìí láti ọjọ́ tó ti yọ. Èmi ni mo ní kó wá di irun mi. Ẹ ò bi mí. Kò sẹ́ni tó bi mí nínú gbogbo yín.”

Wọ́n dá fóònù padà fún Ràsákì, wọ́n sì ní kó lọ wá mọ́tò.

Ọsibítù ní Ìsẹ́yìn fún wọn lóògùn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Dókítà náà ò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn béèrè ohun tó dá wọn dúró. Ojú náà ò fọ́, ṣùgbọ́n ó ṣú. Ìyá mi ní bí ẹni tó wà nínú èéfín ni àwọn ṣe ń fi ríran. Ìléròrò ti gbẹ tipẹ́, ìrora ò lọ. Wọn ò lè wé gèlè. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun, nítorí iwájú orí wọn ò lè kan ẹní. Nọ́ọ̀sì wa ní bí ó ṣe máa ń ṣe àgbàlagbà nìyẹn, pé ìrora náà lè jókòó tì wọ́n fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí egbò bá ti jiná. Ìyá olùkọ́ tí wọ́n tètè fún lóògùn níbí ti ń gbà kí n wẹ òun láìké.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn Àbẹ̀kẹ́ dé. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí jù mí lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín, ara rẹ̀ yọ wẹ́wẹ́ látòkè délẹ̀, ibà sì mú un. Ó ń tì mí lójú láti sọ fún yín pé àwọn kan yọ̀ ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní ohun tí ìyá rẹ̀ rán jáde ló ti padà wá sórí ọmọ rẹ̀. Àmọ́ orí ẹní ìyá àgbà rẹ̀ ni ọmọ náà ń sùn kí wọ́n tó lé ìyá rẹ̀. Omi ara ìléròrò ìyá mi ló kàn án. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ilẹ̀ẹ́gbóná wẹ́wẹ́ rí lè kó o níbẹ̀.

Ràsákì ní ẹ gé èékánná rẹ̀ kó má ha ara rẹ̀, ẹ sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ó ti ń sáré kiri lábẹ́ igi kajú yín. Ẹ bá mi wò ó, Bàbá. Àrùn kan náà ló bọ́ láti ara ìyá àgbà sí ara ọmọọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣẹ́gun rẹ̀. Ìyá mi ṣì ń bá a jà títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ajá ọdẹ, èyí máa yé yín ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ajá tó ti gbó kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣì ń gbóòórùn ẹran, ṣùgbọ́n kó tó dìde, ẹran ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ara àgbà rí sí àrùn. Nígbà mìíràn, ara tó yẹ kó gbóná kò ní gbóná rárá. Níbi iṣẹ́ mi, bí òfìnkìn líle bá mú arúgbó, ó lè má ní ibà kankan. Ó lè kàn kọ oúnjẹ, tàbí kó máa fi orúkọ ẹlòmíràn pè mí. Wọ́n kọ́ wa pé a ò gbọ́dọ̀ tìtorí pé ara rẹ̀ ò gbóná sọ pé kò sí nǹkan.

Mo ti ń bi ìyá mi ní ìbéèrè báyìí. Wọ́n ní àwọn ṣe ilẹ̀ẹ́gbóná wẹ́wẹ́ rí, kí àwọn tó pé ọmọ ọdún méje. Ìyá wọn tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kí ara wọn má bàa lẹ̀ mọ́ ẹní. Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Ara wọn ò gbàgbé.

Nígbà tí wọ́n lè dìde dáadáa, wọ́n ní àwọn ń lọ Ìjìó. Ràsákì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun nìkan lọ, wọ́n kọ̀. Ó ròyìn fún mi pé wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú yín, Ìyá wa sì dì wọ́n mú, wọn ò jẹ́ kí orúnkún wọn kan ilẹ̀. Ó ní ẹ fún wọn lómi, ẹ fún wọn lóúnjẹ, ẹ ní ẹ ò bá ìyá mi jà. Àmọ́ ẹ sọ gbólóhùn kan tí ó ní kí n gbọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: “Ọ̀rọ̀ tó gba ojú òfúrufú wá, kó gba ojú òfúrufú padà. Ẹni tó sọ ọ́ ni kó wá kó o.”

Mo gbà, Bàbá. Mo ti kọ́kọ́ kó o nínú Wọ́sáàpù ẹbí, níwájú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohùn máa ń parẹ́, mo sì fẹ́ kó wà nínú ìwé. Bùnmi kò fi nǹkan kan sí orí ìyá mi. Èmi tí mò ń tọ́jú arúgbó lójoojúmọ́, tí mo gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀, èmi ni mo pariwo oògùn. Bùnmi tí kò gba ìwé ẹ̀rí kankan ló sọ pé ọsibítù. Ọjọ́ tí oògùn ì bá fi ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹnu mi ló jẹ ẹ́. Ojú ìyá mi tó ṣú wà lọ́rùn mi. Mo bú ọmọ yín, mo bú ilé yín, mo bú iṣẹ́ tí ẹ fi tọ́ ọ. Mo ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ìyá wa ò sì kéré. Bí ibì kan lára bá ń ta yín bí iná ní apá kan ṣoṣo, kódà bí ẹ ò tíì rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí wọ́n ń fún àwọn àgbà níbí nítorí rẹ̀, mo sì ti ní kí Ràsákì bá wa béèrè ní Ìbàdàn bóyá ó wà lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Bùnmi pè mí. Láti ìgbà tó ti lọ, àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kí n dúró ná. Ó ní òun ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá òun lè tún wọ ilé tí ogójì ènìyàn ti gbọ́ pé apànìyàn ni òun, kí n jẹ́ kí òun rò ó. Mo ní kò burú. Ó wá béèrè bóyá oògùn ìrora ìyá ń jẹ́ kí wọ́n sùn. Mo ní díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n sọ fún Ràsákì kó máa fi ẹ̀kọ ṣáájú oògùn náà, nítorí inú wọn kì í gba oògùn lófìfo. Bàbá, Ìyá, ọmọ ìyá mi ni mí láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa wọn.

Mi ò ní kí ẹ bá mi rọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá padà, ilé rẹ̀ ni. Bí kò bá padà, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìdí, èmi ni kí wọ́n wá bi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú ara tó ṣì mọ bí wọ́n ti ń jà. Kí ojú yín méjèèjì má ṣe ṣú. Kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín tọ́ ọmọ kí ẹlòmíràn fi ẹnu lé e kiri mọ́ láé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ yín, àti àwọn aládùúgbò tó bá yín ṣọ́ Àbẹ̀kẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹ bá mi gbé Àbẹ̀kẹ́ mọ́ra.

Mo mọ̀ pé ẹni tó lé ọmọ yín jáde kò lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀ yìí, àfi bí ẹ bá fún un. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Ọmọ yín,
Rábíátù